Ọpẹ́ Tí Ó Yẹ Kó Dé Ìyárá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge ní Kabba níbí… Fúnkẹ́ ọmọ mi, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́. Bí èèyàn bá ṣe wá lóore lónìí, ilẹ̀ ọ̀la kì í mọ́ tán kí a tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá mi á ti jí wa. "Ẹ dìde! Ẹ má tíì fẹnu kan nǹkan. Bí ẹ bá yó tán, ẹ ó gbàgbé." A ó fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Ìyárá, ìrì á rin ìró wa gbindingbindin. A kì í dá lọ o, ará ilé ẹni á bá ni dúpẹ́. "Okun o, bàbá. Ẹ ṣé àná o." Ó tán, a ó gba oko lọ.

Ṣé mọ́tò ló ń dún yẹn? Òun kọ́… Kí ló ń dá awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ Ìyárá yìí dúró?

Ẹ gbọ́. Fúnkẹ́, bàbá rẹ kò sí láyé mọ́. Ta ló dìde bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, tó gbọ́wọ́ lé ọ lórí? Àbúrò mi ti Ìyárá ni, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Kí lo wá ṣe? O kọ ímeèlì. Ẹyọ kan ṣoṣo! O fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni tó ya fọ́tò, àti òun náà. Ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Àbúrò mi ní, "Ta ló ń bá wí?"

Ó dùn mí. N kò lè jókòó láti àná. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. O dúpẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni?

Fóònù mi nù un. Ẹ dákẹ́, òun ni… Àbúrò mi, okun o! À ń bọ̀… Kí ló dé?… Hẹ̀n… Hẹ̀n-ẹn…

Ó ní ká má wá. Wọ́n tún ti jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé ọmọ yẹn gba ibẹ̀ nítorí tèmi." Ọ̀nà tí àwa ọmọbìnrin ń rìn ní ìdájí, tí a ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ! Inú ń bí mi… Ta ló ba ayé jẹ́ báyìí?

Ó dáa. Fúnkẹ́, kọ ímeèlì mìíràn, sí òun nìkan. Pè é ní bàbá. Béèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí kí o tó sọ nǹkan kan. Sọ ohun tó ṣe fún ọ gan-an, bó ṣe gbọ́wọ́ lé ọ lórí.

Kí lò ń jókòó sórí àga fún? Kúnlẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé kò lè rí ọ. Kúnlẹ̀.