Ìpàdé Ọmọ Kíláàsì Wa Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Tú Ká

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ohun kan wà nínú mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyá mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ojú mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, nítorí pé ìpàdé kan ń bọ̀ ní ilé ìyá mi ní Pobè, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mi ò bá sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, màá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ti yí orúkọ gbogbo ènìyàn padà. Ìwé ìròyìn yín máa ń kọjá ibodè wá bá wa nínú ẹrù àwọn oníṣòwò, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á kà á. Ẹni tó bá dá mi mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó ṣàánú mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé gíga tán ní Dakar ni. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi bọ̀ wálé, mo rò pé iṣẹ́ ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n òmìnira wa kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn sójà fi gba ìjọba. Ọ̀gá tó ní òun á fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mi lónìí, bí mo bá padà lọ, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wà nílé ìyá mi, mo ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo ń gbọ́ rédíò, ọkàn mi kò balẹ̀. Kì í ṣe pé mo fi ń wá àwáwí. Tàbí bóyá mo fi ń wá àwáwí díẹ̀.

Àkókò yẹn ni Fidẹ́ẹ̀lì wá bá mi. Èmi àti ẹ̀ la jọ kàwé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Pobè, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ.

“Ẹ jẹ́ ká ríra,” ó ní. “Gbogbo àwa tí a jọ jókòó ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Àwọn kan wà lóko, àwọn kan ti sọdá sí Nàìjíríà. Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ta ló mọ ẹni tí a tún máa fojú kàn?”

Inú mi dùn sí i, mi ò purọ́. Ó dùn títí ó fi ní ilé Ràfíù ní Sakété la ó ti ṣe é.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí orúkọ yẹn ṣe sí mi lára, mo ní láti padà sẹ́yìn.

Nílé ẹ̀kọ́ wa, láyé àwọn Faransé, a kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ewúrẹ́ kan wà tí wọ́n so okùn mọ́. Síńyálì là ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn. Kò sí bó ṣe lè bọ́ ọ kúrò àfi kó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ mìíràn, kó sì gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ọrùn ẹni tó bá wà nígbà tí agogo ìjáde bá dún, ẹni náà á jẹ ẹgba, á sì dúró sẹ́yìn gé koríko ọgbà títí oòrùn á fi wọ̀. Báyìí ni àwa ọmọdé ṣe di amí ara wa.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọrùn Ràfíù ni síńyálì wà láti àárọ̀. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni Ràfíù, láti Sakété, ọ̀dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Pobè nígbà yẹn. Ìyá mi fẹsẹ̀ rìn wá láti Towé, níbi tí bàbá mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó pe orúkọ mi.

“Bàbá rẹ ń béèrè rẹ,” ó ní. “Ó ní orí rẹ lòun fẹ́ gbé ọwọ́ lé. Tètè máa bọ̀, má pẹ́.”

Ó sáré padà sọ́dọ̀ bàbá mi. Mo fi Yorùbá dáhùn pé, “Mo ń bọ̀, Ìyá mi.” Bí mo ṣe yíjú, egungun náà ti wà lọ́rùn mi.

Mo fi Faransé bẹ Ràfíù. Ó rẹ́rìn-ín, ó sá lọ. Mo gbìyànjú láti dẹ ọmọ mìíràn, kí èmi náà lè gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi pamọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Mo tọ olùkọ́ wa lọ, tí à ń pè ní Mùsíè. Mi ò ní Faransé tí mo lè fi sọ pé bàbá mi wà láàárín ikú àti ìyè. Mo kàn sọ pé ara bàbá mi kò yá. Mùsíè ní gbogbo bàbá ni ara wọn kì í yá lọ́jọ́ tí síńyálì bá wà lọ́rùn ọmọ wọn.

Mo gé koríko. Nígbà tí mo dé Towé, wọ́n ti tan fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ òkú rẹ̀. Ìyá mi sọ pé ó na ọwọ́ sí etí ẹní, ó ń dúró de orí mi, títí ọwọ́ náà fi tutù. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Àwọn àbúrò mi ló gbé ọwọ́ lé lórí, tó sì súre fún wọn. Èmi kò gbà á.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́. Ràfíù kò mọ̀, ó sì padà sí Sakété lẹ́yìn ìsinmi. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dé Dakar. Bí nǹkan kan kò bá dára fún mi, bí mo bá ṣàìsàn, bí mo bá ṣubú nínú ìdánwò, màá ní, orí tí bàbá kò gbé ọwọ́ lé nìyí. Màá sì rí ẹ̀rín Ràfíù.

Ìyẹn ni mo gbé sínú nígbà tí èmi àti Fidẹ́ẹ̀lì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakété láti ṣètò ìpàdé wa. Ràfíù dúró dè wá níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ó ti sanra, ó dé fìlà funfun. Ó dì mọ́ mi.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n Dakar! Ìwọ nìyí? Wọ́n ò fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?”

Ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú oyún, gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja fún wa. A jókòó sínú àgbàlá bàbá rẹ̀. Fidẹ́ẹ̀lì ní òun á mú ẹmu wá.

“Ẹmu wo? Nínú ilé Alájì?” Ràfíù ní. “Ẹ mu ún níbi ọkọ̀ ojú irin kí ẹ tó wọlé.”

“Ó dáa. Ibi ọkọ̀ ojú irin náà la ó kúkú ti ṣe ìpàdé,” Fidẹ́ẹ̀lì dáhùn, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, lákòókò yẹn ọkàn mi ti ń rọ̀. Mò ń wò ó, mò ń sọ fún ara mi pé ọmọdé ni nígbà yẹn, kò mọ ohun tó ṣe. Àfi bó ṣe dìde wọ inú yàrá, tó sì gbé nǹkan kan jáde. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ewúrẹ́ ni, ó ti so okùn mọ́ ọn.

“Ẹ wò ó! Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra odindi orí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé wa, ẹni tó bá sọ Faransé ni á gbé e kọ́ o!”

Fidẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ràfíù gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

“Ṣé o rántí? Fidẹ́ẹ̀lì, ó sunkún lọ́jọ́ tí mo gbé e kọ́ ọ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú! Nítorí koríko! Ọkùnrin gìrìpá!”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò lè dárí ji ara mi nìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé mo rẹ́rìn-ín. Bóyá ká ní mo ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo èyí kì bá ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, inú sì bí mi, méjèèjì dì mọ́ra nínú mi tí mi ò lè yà wọ́n.

Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba, tí wọ́n sì ń fura pé àwọn kan ń dìtẹ̀ láti Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò lè kó ènìyàn jọ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ kọmáńdà, ìyẹn aláṣẹ ìlú. Wọ́n ní kí èmi lọ gbà á, torí Faransé mi dán. Ní ọ́fíìsì, wọ́n darí mi sí ọ̀gá àwọn jándáàmù, àwọn ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn. Ó bi mí pé ta ló nilé tí a fẹ́ lò, kí sì ni a fẹ́ ṣe níbẹ̀. Mo dárúkọ Ràfíù.

Mo lè sọ òótọ́. Ìpàdé àwọn tó jọ kàwé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò bẹ́ẹ̀ mo ní, “Ọ̀gá, èmi ò fẹ́ wàhálà. Àlejò láti Nàìjíríà kì í wọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó nilé yẹn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.”

Àwọn tó ń ra aṣọ ni àlejò wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn kankan tí mo sọ, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Faransé tí mi ò ní lọ́jọ́ tí bàbá mi ń kú, mo ní in lọ́jọ́ náà, ó sì ń ṣàn lẹ́nu mi bí omi.

Wọ́n mú Ràfíù lọ́jọ́ ọjà, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Fidẹ́ẹ̀lì ló wá sọ ọ́ fún mi. Ìpàdé tú ká kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ bímọ nígbà tó wà ní àtìmọ́lé. Ọkùnrin mìíràn ló pe àdúrà sí ọmọ náà létí, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, “A ti dọ́gba.”

Adùn náà kò pẹ́. Ọ̀gá jándáàmù ránṣẹ́ pè mí.

“O ṣe dáadáa,” ó ní. “Ta ló kù?”

“Kò sí ẹlòmíràn, Ọ̀gá.”

“Ẹnì kan kì í dá ìpàdé ṣe. Ìwé iṣẹ́ rẹ wà lórí tábìlì kọmáńdà, àbí? Mú ẹnì kan wá fún mi, kí o sì máa lọ.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo gbé ọwọ́ sí ọrùn mi. Ó dà bíi pé okùn yẹn ló wà níbẹ̀. Orúkọ Fidẹ́ẹ̀lì ti dé ètè mi. Fidẹ́ẹ̀lì tí kò ṣe mí ní nǹkan kan rí! Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀.

Àwọn ará Pobè rí mi bí mo ṣe ń jáde níbẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni mo lọ bẹ̀ nítorí Ràfíù. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọn kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ Ràfíù, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sílé wa, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ. Ó ti rù. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, etí ọ̀tún ló ń yí sí mi, torí wọ́n ti gbá èkejì di. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú ìyá mi.

“Gbogbo èèyàn sá,” ó ní. “Ìwọ nìkan lo lọ kojú wọn. Wọ́n ti sọ fún mi.”

Ìyá mi ń sunkún ayọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni pé bàbá mi ló rí.

Ràfíù rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Egungun yẹn, wọ́n rí i. Wọ́n ní oògùn ni. Wọ́n gbé e kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní kí n máa jó. Ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ.” Ó tún bi mí pé, “Kí ló dé gan-an lọ́jọ́ yẹn nílé ẹ̀kọ́? Ìwọ kì í sunkún. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ó béèrè, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo ti ń dúró dè láti kékeré, ó béèrè rẹ̀, níwájú mi, níwájú ìyá mi. Mo sì dáhùn pé, “Koríko náà ló pọ̀.”

Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. “Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Gbé ọwọ́ lé e lórí, súre fún un.”

Ọwọ́ mi kò gbéra. Mo ní ọmọ ń sùn, kí n má jí i.

“Ìwé ti ba tìẹ jẹ́!” ó ní. “Ẹ̀rù ọmọ ọwọ́ ń bà á!”

Ó ní ìpàdé wa á wáyé síbẹ̀, ní ilé ìyá mi, níbi tí ọkàn òun ti balẹ̀. A kò ní pè é ní ìpàdé. A ó ní àdúrà ọmọ ni, kò sẹ́ni tó ń gba àṣẹ fún ìyẹn. Gbogbo ọmọ kíláàsì wa á wá. Ìyá mi ti ń wá ìkòkò ńlá. Ọ̀gá jándáàmù ṣì ń dúró de orúkọ kan lẹ́nu mi, ìwé iṣẹ́ mi sì wà lórí tábìlì yẹn síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún Ràfíù kó tó wá, kí wọ́n lè fagi lé ìpàdé náà? Bí mo bá sọ ọ́, ìyá mi á gbọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ ní kó tọrọ àforíjì ikú bàbá mi lọ́wọ́ mi? Apá kan nínú mi ṣì ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ gan-an, mi ò lè fi í pamọ́ fún yín. Àbí kí n kúrò nílùú, kí n gbé síńyálì náà kọ́ Fidẹ́ẹ̀lì lọ́rùn láìsọ̀rọ̀, kí ọ̀gá jándáàmù yíjú sí i? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé, torí wọ́n ti pín iṣẹ́ fún kálukú. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí.