Mí Tàbí Mì: Ọ̀rọ̀ Màmá Mì-tìtì Lọ́jọ́ Tó Fẹ̀yìn Tì

Alága ìjókòó wa, tí ẹ ti ń wo aago yín kí n tó lanu rárá, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ orin yìí, tí ẹ jókòó síwájú torí pé ibẹ̀ ni fáànù wà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ọwọ́ fà mí dé ibi tí mo dé, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akọrin mi, àwọn olóhùn iyọ̀ àti àwọn tí Ọlọ́run kàn fún ní ìgboyà, ọkọ mi tó ti ń tòògbé, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí, tó jẹ́ pé òórùn oúnjẹ lẹ tẹ̀lé wọlé: mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ yìí, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe ṣókí." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Irọ́ ni mo pa. Kò ní ṣe ṣókí, ẹ sì jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ má baà rò pé ogbó ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ dùùrù lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ rí ọkùnrin gíga tó gbé fèrè idẹ lé itan? Òpó nìyẹn, igbákejì mi. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ níbí báyìí, òun ló kàn. Ìgbìmọ̀ sì ti sọ ọ́ ketekete: bó bá ṣe fun fèrè yẹn lójú gbogbo yín ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá òun ló máa gba iṣẹ́ mi, tàbí kí wọ́n pa kíláàsì èémí wa, níbi tá a ti ń kọ́ akọrin bí wọ́n ṣe ń mí, rẹ́, kí wọ́n sì kó àga kún yàrá ẹ̀. Ẹ wá wo èjìká ẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ẹ̀yin èèyàn mi, Òpó ò mí. Láti ìgbà àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni ò ti mí. Nítorí náà, títí èjìká yẹn á fi sọ̀kalẹ̀, èmi àtiyín la jọ wà níbí. Ẹni tí ebi bá ń pa, kó lọ bá Òpó.

Ẹ má rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àbí kí n má tan yín, mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi ni, mo láṣẹ. Tó bá ku òun àti àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ nìkan nínú yàrá, tó bá gbé fèrè sẹ́nu, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gbàgbé ìgbálẹ̀ sọ́wọ́. Àmọ́ jẹ́ kó rí àwùjọ tó wọ kóòtù. Orúnkún á gan, ẹnu á gbẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì tún ṣẹlẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, ohùn tó jáde nínú fèrè yẹn, mi ò lè sọ ohun tó jọ níwájú àgbà. Bẹ́ẹ̀, tá a bá ní kó wá bá wa mì, á fìdí mọ́lẹ̀, á ní òun kì í ṣe aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n fẹ́ sá.

Ẹ̀yin àlejò á máa bèèrè pé kí ni mímì ń wá nídìí orin. Nínú ìwé ìkíni tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní "ìwádìí jinlẹ̀" ni mo fi rí i. Ìwádìí wo? Nígbà tí mo dé ibí, bí ọmọ ogun la ṣe ń to akọrin. Ẹsẹ̀ pọ̀! Àyà síta! Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mira! Wọ́n á fa èémí bí ẹni tó fẹ́ wọ odò, wọ́n á sé e mọ́yà, kí ìlà orin kejì sì tó parí, ojú ti pọ́n, ohùn ti ha. Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé: E MI DAADAA KI E TO KORIN. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n fi àmì ohùn sí i. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì, mo jáde. Èmi ní kí wọ́n mí. Àwọn kà á pé kí wọ́n mì.

Háà! Ohun tí mo padà wá bá! Bàbá Bíríkìlà, olóhùn ìsàlẹ̀ wa tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ń mì bí ẹni tí kòkòrò kó sí láṣọ. Wíìgì akápò ẹgbẹ́ akọrin wa ti fò kúrò lórí, ó ti balẹ̀ sórí dùùrù. Àwọn obìnrin iwájú ń ju apá, wọ́n ń ju ìdí, ilẹ̀ pákó ń dún gbì, gbì. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe?" Bàbá Bíríkìlà mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká mì. A sì ń mì. Àbí a ò tíì mì dáadáa tó ni?"

Inú bí mi. Mo ní ó yá, ẹ kọrin bẹ́ẹ̀, kójú tì yín. Wọ́n sì kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. Ó kún, ó rọ̀, ó lọ kan ògiri ẹ̀yìn, ó tún padà wá bá wa. Orúnkún tó gan ti tú, àgbọ̀n tó dì ti tú, ikùn ti ríbi fẹ̀ sí, èémí sì wọlé fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n sọ pé àṣìṣe ni? Mo wúkọ́, mo ní, "Ẹ ṣeun, ohun tí mo ń retí gan-an nìyẹn." Àmì-ẹ̀yẹ tí ìgbìmọ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, ẹ máà bínú, àmì ohùn tí mi ò fi sí i ló ni ín.

Ìyókù, ọkọ mi ló kọ́ mi. Ẹ má wò ó báyẹn, kò mọ ohùn kan yàtọ̀ sí òmíràn. Àmọ́ tó bá tibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, tó nà gbalaja sórí àga gbọọrọ, ikùn ẹ̀ á gbéra sókè, á rọra balẹ̀, èjìká ẹ̀ ò ní mira rárá, ohun tó sì ń gba ihò imú ẹ̀ jáde, ará ilé kẹta ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, mo dìde pẹ̀lú ìbínú láti lọ jí i. Mo dé orí ẹ̀, mo dúró. Mo ní, wò ó, ọkùnrin yìí ò ṣe wàhálà kankan, ohùn sì ń jáde báyìí! Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí gbogbo akọrin dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí kálukú gbé ọwọ́ lé ikùn, kó máa wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bàbá Bíríkìlà sùn lọ. A jẹ́ kó sùn. Nígbà tó jí, ohùn ẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ má sé e mọ́ra, èémí ni ẹ̀rín náà.

Ó yá, ẹ dìde. Gbogbo yín. Alága, ẹ̀yin náà sà, ipò ò ní kẹ́ ẹ má lórúnkún. Ẹ tú orúnkún yín. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ló wà lábẹ́ òun. Ẹ gbọn ọwọ́, ẹ gbọn èjìká, ẹ mì jìgìjìgì. Màmá tó wọ búlúù, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ní ṣubú. Ó tó. Ẹ má fa èémí o, ẹ kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un. Hẹn-hẹn. Alága, ojú yín ti dán bí ojú ọkọ ìyàwó.

Ẹ jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ fara da ariwo ẹsẹ̀ wa lókè orí yín, tí ẹ sì tún ń yá wa ní ẹní. Mo sì ti ṣẹ̀ yín. Mo ti lé akọrin jáde nítorí ṣingọ́ọ̀mù. Mo ti pe ohùn ọmọ olọ́mọ ní ilẹ̀kùn tí kò lépo. Bó ṣe rí náà nìyẹn, àmọ́ kò yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ forí jì mí. Mo tún fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún dùùrù ṣe, mo tún fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́…

Rárá. Ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Èjìká Òpó ti sọ̀kalẹ̀. Ó ti pẹ́. Ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ imú ọkọ mi ló sọ̀kalẹ̀, mo sì rí i. Látìgbà yẹn ló ti ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ ọwọ́, ó gbé fèrè dání, ó ń dúró dè mí. Èmi ni mo ń fi í ṣe àwáwí. Ẹ wo bí mo ṣe di tábìlì yìí mú. Orúnkún mi nìyí lábẹ́ aṣọ, ó gan gbagidi. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ níbí, ilẹ̀ ọ̀la á mọ́, kò sì ní sí ẹnì kankan tó ń retí kí n ní ó yá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀.

Ẹ wò ó, ó ti dìde. Ó ń bọ̀. Àbúrò, kí lo… Ó na ọwọ́ sí mi. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ gbọ́ o: ọwọ́ ẹ̀ gbóná. Tèmi ló tutù.

Ó dáa. Kí èémí má wọ́n yín. Kí ohùn yín má ha lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ sé èémí de ohun tí kò ní wá. Èmi ń lọ jókòó láàárín yín, kí n gbọ́ orin fún ìgbà àkọ́kọ́ láìṣọ́ èjìká ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò, rọra dì mí mú, mò ń sọ̀kalẹ̀.