Kọfí tí Ìyàwó Kékeré Yan

Nínú takisí tó ń ti Ìgèdè bọ̀ ní àdúgbò Fájuyì, ìyá méjì tí n kò mọ̀ rí jókòó tì mí, èyí àgbà gbé àpò kọfí tó ń lọ tà sórí itan.

"Èmi àti ọkọ mi la gbin kọfí yìí. Èmi ni mò ń ká a, èmi ni mò ń sá a. Títà la máa ń tà á, a ò mu ún rí. Ìyàwó kékeré dé, ó bu díẹ̀, ó yan án nínú agbada, ó gún un, ó da omi gbígbóná sí i. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yàrá rẹ̀ ni bàálé wa ń gbà lọ."

Èyí àbúrò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yan tiyín náà."

"Mo yan án, ó jóná. Bàbá ní ó ń rùn bí èédú."

"Ẹ ní kó kọ́ yín."

"Kọ́ ta ni? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi fi oko hàn!"

"Ẹ má bínú. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti tọ́ tirẹ̀ wò?"

Èyí àgbà kọjú síta. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó lọ pọnmi, mo bá wọ ilé ìdáná rẹ̀. Mo mu ún tán, mo sì tún yẹ ìkòkò wò bóyá ó kù."