Kẹ̀kẹ́ Okùn Náà Ò Há

Dókítà ní kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́, pé ọkàn mi ti ń rẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà láyà mi tí dókítà ò rí, òun ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọmọ mi lónìí. Lánàá ni mo lọ sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ náà fún yín ná, kí n tó sọ èsì tó fún mi.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn kànga ìparí àdúgbò wa. Wọ́n ti sọ fún yín pé èmi àti Kògbà, ẹ̀gbọ́n ìyá yín, la jọ gbẹ́ ẹ, pé omi ya bá a nísàlẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá há, tí mo sì fi ọwọ́ lásán fà á yọ. Torí ẹ̀ ló ṣe fún mi ní àbúrò rẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Afàniyọ. Ó dáa. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò há o. Kò há rárá.

Ọ̀rẹ́ ni wá, ẹgbẹ́ sì ni wá, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, ó parí. "N ò gbà." Bẹ́ ẹ bá ní kí ọkùnrin yẹn wá jẹun, á kọ́kọ́ ní òun ò gbà, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Bàbá wọn ti kú, òun ló dúró bíi bàbá. Ó ní agbẹ́kànga kan ti tó nínú ẹbí, pé ọkàn ìyá òun kì í balẹ̀ títí òun á fi wọlé. Kò parọ́. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú díga àti ṣọ́bìrì, ẹnì kejì á dúró ti okùn lókè. Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá ti fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, má bi í ní nǹkan kan, fà á jáde.

Lọ́jọ́ náà, ó ti gbẹ́ amọ̀ kọjá, ó ti gbẹ́ yanrìn tútù kọjá, ó wá kan òkúta pẹlẹbẹ. Mo ń gbọ́ díga rẹ̀, gbì, gbì. Lójijì òkúta là, omi tú jáde. Okùn mì lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. "Fà mí! Omi ti dé o!" Ẹ má dá èṣù lẹ́bi o, èmi ni. Mo so okùn mọ́ òpó, mo jókòó sétí kànga, mo yọ búrẹ́dì mi. Mo ní, "Kẹ̀kẹ́ há o. Bí mo ṣe ń tún un ṣe lọ́wọ́ yìí, ọ̀rọ̀ àbúrò ẹ ńkọ́?"

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Fà mí jáde!"

"Kẹ̀kẹ́ ló há, àna mi."

"Ta ni àna ẹ? N ò gbà!"

Mo rẹ́rìn-ín. Àbẹ́ ẹ rí ìkà, mo rẹ́rìn-ín, mo tún bu búrẹ́dì jẹ. Nígbà tó yá, ó ní omi ti dé orúnkún. Ó tún ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó ti dé àyà mi o, jọ̀ọ́." Mo mú dígí tá a fi ń darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sínú kànga, mo yí i títí ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sórí omi. Orí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Omi ti dé ọrùn.

Ibí gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Ká ní mo fà á nígbà yẹn, ǹ bá ní eré ni mo ń bá a ṣe. N ò fà á. Mo fi ojú ara mi rí omi lọ́rùn ọmọ ìyá ẹni tí mo fẹ́ràn, mo sì tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ṣé o gbà?"

"Mo gbà! Mú un! Mú gbogbo ilé wa!"

Ìgbà yẹn ni mo tó fà á. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí, ó sì kọjú sí àwọn ará àdúgbò tó ti sáré wá. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ló há. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló fọwọ́ lásán fà mí." Mo gba ọpẹ́, mo gba ìyàwó. Ayé mi dùn, n ò ní purọ́ fún yín, ìyá yín ò jẹ́ kí n mọ ìyà. Ṣùgbọ́n mi ò bu omi kànga yẹn mu rí kí n má rí orí Kògbà nínú ife.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe dọ̀bálẹ̀ fún un lánàá, tàgbàtàgbà mi, níwájú ìyá yín. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó ń họ orúnkún, kò wò mí. Ó wá ní, "Búrẹ́dì yẹn, o ò tiẹ̀ fi nǹkan kan sí i."

Mo ní, "Ẹ̀n?"

"Òkùnkùn ni mo wà, ìmọ́lẹ̀ ni ìwọ wà. Ta ló ń rí ẹnì kejì, ìwọ agbẹ́kànga tí ò mọṣẹ́? Mo rí ẹ. Mo rí kẹ̀kẹ́ náà." Ó ní òun ti búra níwájú ẹbí pé òun ò ní gbà láéláé, ẹkún àbúrò òun ò sì jẹ́ kóun sùn mọ́. Òun kàn ń wá bí òun á ṣe gbà láìtẹ́ ni.

"Omi tó dé ọ lọ́rùn ńkọ́?"

"Ìbàdí ló dé. Mo lóṣòó."

Háà! Ẹ̀rín pa wá. Ìyá yín gbá àwa méjèèjì lẹ́yìn. Ó ní, "Ta ló bi èmi léèrè nínú yín? Èmi ti gbà kẹ́ ẹ tó ra díga!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà Kògbà gbé ọwọ́ lé mi léjìká, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ ò mọ̀ pé mo lóṣòó."

Mo ní, "N ò mọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo pè yín fún. Ó ti dárí jì mí, ara sì ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ pé ó lóṣòó. Ẹni tó bá fi okùn ara rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fà á jáde, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ bu omi fún mi wá. Kànga yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti bù ú.