Mo Mi Orí, Wọ́n sì Mú Ísá Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò lè dárúkọ ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ wá jókòó sí ibi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá.

Abuja ni mo dàgbà sí. Okun ni àwọn òbí mi, láti Kogi, ṣùgbọ́n Galadimawa ni ilé wa. Báńkì ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ìdí káńtà ni mo máa ń jókòó sí. Tí ẹ bá rí mi nínú kóòtù mi, ẹ ò ní mọ̀ pé orin rọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ràn jù láyé.

Kì í ṣe ti àwọn olókìkí òkè òkun o. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa níbí ni mò ń sọ, àwọn tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn, tó jẹ́ pé inú yàrá ni wọ́n ti ń gba orin wọn sílẹ̀. Wọ́n máa ń ṣeré ní ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn kéékèèké tàbí ní gbangba ní Jabi, níbi tí afẹ́fẹ́ adágún ti ń fẹ́ sí wa. Àwa tí a ń lọ ò pọ̀, a mọ ojú ara wa. Bàbá mi ní ariwo lásán ni. Ní tèmi, tí gìtá bá ti ké, tí ìlù sì ń lu àyà mi láti inú wá, ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń gbàgbé gbogbo àwọn tó ti jágbe mọ́ mi ní káńtà.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí mi ò lè fi ṣeré. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n pe onígìtá wọn ní Dọ̀tun. Gbogbo orin wọn ni mo mọ̀, iwájú pátápátá ni mo sì máa ń dúró, níbi irin tí wọ́n fi dá àwa èrò dúró.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ Ísá. Ọmọ Hausa ni, àmọ́ Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Yorùbá jù mí lọ. Ó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kabusa. Tó bá ti rí mi, á ní, "Sànnu, Àǹtí," á sì sún kí n lè ríran, torí mo kúrú. Nígbà tí òjò pa wá lọ́jọ́ kan, ó gba fóònù mi, ó fi ọ̀rá wé e kó tó wé tiẹ̀. A kì í ṣe ọ̀rẹ́ níta. A ò ní nọ́ńbà ara wa. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá tíì rí i, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà títí tó fi máa dé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a ṣiṣẹ́ ní báńkì bó tilẹ̀ jẹ́ Sátidé, ibẹ̀ ni mo ti gba Jabi lọ. Káàdì ìdánimọ̀ báńkì, tí orúkọ ẹ̀ka wa wà lára rẹ̀, ṣì wà lọ́rùn mi. Oòrùn ò tíì wọ̀. Orin tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ, Dọ̀tun wá kúnlẹ̀ sí etí ìtàgé, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí wa.

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó nà sí i; oòrùn wà lójú rẹ̀, kò rí ẹni tó dì í mú. Mo fẹ́ ya fọ́tò èmi àti òun. Mo gbé fóònù sókè ní ọwọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́, fọ́tò náà ò dára. Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀. Mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, mo kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mo fà á.

Ó ré lulẹ̀ tòun ti gìtá. Ọwọ́ rẹ̀ há sáàárín gìtá àti irin. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Àwọn yòókù ò mọ̀, wọ́n ṣì ń lu ìlù lọ, ó sì ń ké nílẹ̀ níbẹ̀, a sì ń wò ó.

Ísá, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló kọ́kọ́ fo irin náà, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé orí Dọ̀tun lé itan ara rẹ̀. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe sáré dé nìyẹn, òun ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ọ̀kan gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ẹ̀ṣọ́ náà wò mí, ó wo káàdì ọrùn mi, ó ní, "Madam, na this one draw am?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, Ísá ló fà á.

Mo kàn mi orí. Ísá sì ń wò mí nígbà tí mo ṣe é. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Kai, Àǹtí," bí ẹni tí ọmọ ilé rẹ̀ ṣe nǹkan sí. Wọ́n wọ́ ọ lọ. Wọ́n ń gbá a létí bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ. Mo bọ́ káàdì mi, mo tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì, mo wọ takisí lọ sílé.

Àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní gúrúùpù lórí Wáásáàpù. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé egungun ọwọ́ Dọ̀tun ṣẹ́ níbi méjì, pé Ísá wà ní àgọ́ ọlọ́pàá fún ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n ń bú u. Èmi náà kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni mi ò fẹ́ sọ rárá, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé, "Kí wọ́n má jẹ́ kó wọlé mọ́ láé." Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi jọ ti àwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà wò mí.

Wọn ò sì jẹ́ kó wọlé mọ́ lóòótọ́. Odindi ọdún kan ni Dọ̀tun ò fi ta gìtá.

Mi ò lọ síbi eré kankan fún ìgbà pípẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo tún lọ, sí gbọ̀ngàn kan ní Jabi. Dọ̀tun ti ń ṣeré, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì ò ká dáadáa mọ́. Ibi tí ó ti máa ń ta okùn gìtá kíákíá tẹ́lẹ̀, ó fo ibẹ̀. Mo rí i tó fò ó. Mo jáde.

Ísá ló dúró níta, lẹ́bàá ògiri. Ó gbé etí ọ̀tún ti ògiri náà, ó ń gbọ́ orin. Mo fẹ́ sá, ó ti rí mi.

Ó ní, "Sànnu, Àǹtí. Ẹ bọ́ sí apá ibí, etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan mọ́."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ pé èmi ni.

"Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ṣé obìnrin báńkì yẹn ni màá máa purọ́ mọ́. Wọ́n tún wá gbá mi."

Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe fún un.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún Dọ̀tun. Orin wọn ni mo fẹ́ máa gbọ́ láti inú gbọ̀ngàn, kì í ṣe láti ẹ̀yìn ògiri."

Mo ṣèlérí fún un pé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, màá sọ fún Dọ̀tun. Mi ò sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Tí ọkùnrin tó dé fìlà bíi ti Ísá bá ti wọ báńkì, màá rò pé òun ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun gan-an ló wọlé. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó kọjú sí mi. Bíi wákàtí kan ló fi jókòó. Mo ka owó obìnrin kan lẹ́ẹ̀mẹrin, iye rẹ̀ ń yàtọ̀. Nígbà tó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí gíláàsì káńtà mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa ṣeré, Àǹtí. Màá wà níta."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo sọ fún. Ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́. Ta ló máa gba mẹ́kùnnù Hausa kan gbọ́ kó má gbà ẹ́ gbọ́?" Òótọ́ ló sọ. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, torí pé kó tó la ẹnu ló ti wà lọ́kàn mi, ó sì wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo mi orí.

Mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Dọ̀tun, mo ti pa á rẹ́ láìmọye ìgbà. Mò ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Mò ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi. Mò ń bẹ̀rù ojú bàbá mi, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Ẹ má sì ní kí n dákẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbé.

Ọ̀la ni Sátidé náà. Mo ti gbé aṣọ tí mo máa wọ̀ sórí ibùsùn. Mo fẹ́ mú Ísá lọ́wọ́ wọlé, kí n sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, tí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ dáhùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tí àwọn méjèèjì bá dúró níwájú mi, èwo nínú wọn ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?