Nọ́ńbà Ìkẹyìn Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣírò

Ẹ gbé àga yẹn kúrò, mi ò ní jókòó. Ẹ ní kí n wá dágbére fún iṣẹ́, mo sì gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà tí ọmọ tuntun kan ń sọ fún èkejì pé, "Má ṣe bíi Bàbá Gọ́ọ̀mù o, kí o má lọ pààyàn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú, ó sì tún fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bàbá Gọ́ọ̀mù kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni.

Ẹ mọ àwọn ìlà dúdú tí à ń tẹ̀ sórí bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí oògùn. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ló wà nídìí wọn. Méjìlá àkọ́kọ́ ló ń sọ oògùn tó wà nínú páálí, ìkẹtàlá la fi ń dán wọn wò. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀kan tẹ̀, ìkẹtàlá kò ní bá ìṣirò mu, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Iléèwé alẹ́ ni mo ti kọ́ ìṣirò, pẹ̀lú ebi, pẹ̀lú bàtà tí omi ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Mo lè ṣe é lórí láìfọwọ́ kan bírò. Ìgbéraga mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oògùn ìtọ̀ ṣúgà méjì la ń tẹ nọ́ńbà fún, èyí tó le àti èyí tí kò le. Ó kan èyí tó le, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀, kò gba nọ́ńbà tí mo tẹ̀. Ó yẹ kí n dìde lọ wo páálí. Ọ̀gá wa tí à ń pè ní Kíákíá ti dúró sí mi lẹ́yìn: "Akọ̀wé, ọkọ̀ ń dúró! Ṣé o fẹ́ kó sùn síbí ni?" Mo ní nọ́ńbà kò bára mu. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lò ń fọ́nnu pé o mọ ìṣirò? Mú un bára mu."

Mo mú un bára mu. N kò wá àṣìṣe. Mo kàn ṣírò nọ́ńbà ìkẹyìn mìíràn tó máa bá àṣìṣe náà lọ. Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀dájú! Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kó máa mú irọ́, èmi ni mo kọ́ irọ́ bó ṣe máa kọjá lójú rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni mo ti gbé sípò ara wọn, ó sì ti di nọ́ńbà oògùn tí kò le.

Ẹ̀rọ ilé ìtajà oògùn ka èyí tó le sí èyí tí kò le, wọ́n sì tà á fún ìyá aránṣọ kan, ó lò ó. Ó sùn, kò jí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé páálí náà wá síbí: "Ta ló tẹ èyí? Ẹ ṣáà sọ fún mi, ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà, Kíákíá sọ sí mi létí pé, "Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ni kó rù ú." Bàbá Gọ́ọ̀mù, tí kò ṣe ju kó lẹ ohun tí mo bá tẹ̀ lọ, wò mí lójú: "Akọ̀wé, ẹ bá mi sọ òótọ́, ẹ jọ̀ọ́." Èmi òpùrọ́ yìí! Mo ní ó da bébà oògùn méjèèjì pọ̀ ni. Wọ́n lé e bí ẹni lé ajá. Wọ́n sọ èmi di ọ̀gá.

Lánàá mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé rẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "O ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́?" Mo ní rárá. "O ti sọ fún ọmọ aránṣọ?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí lo wá ń fi èmi dánra wò fún?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rọ kò bá gba nọ́ńbà yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá bú yín. Ẹ dìde, ẹ lọ wo páálí. Ní ti ìdáríjì, n kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí kò sí lọ́wọ́ yín. Ọmọ aránṣọ wà nínú ọ́fíìsì nísàlẹ̀. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ẹ yà fún mi lọ́nà.