Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Wọ́n Fi Díwọ̀n Tirẹ̀

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ibà àti ikọ́ wà lára mi, mo sì purọ́ pé ara mi le. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wa. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àwọn nǹkan wínníwínní kan wà tó ń jẹ́ mitokọ́ńdíríà. Àwọn ló ń fi afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú sọ oúnjẹ di agbára. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ikọ́ lè bà wọ́n jẹ́. Ikọ́ á lọ, agbára ò ní padà. Iṣẹ́ wa ni láti fi ẹ̀rọ wo bí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe ń lo afẹ́fẹ́, kí a sì fi wé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ló kàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Òfin ni pé kí ẹni tó bá ń wúkọ́ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n mo ti fọ ìgò fún wọn, mo sì ti ń bá wọn lo ẹ̀rọ, fún ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ pátápátá.

Nọ́ọ̀sì tó fa ẹ̀jẹ̀ mi rí òógùn lójú mi. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé eré lo sá wá ni? Ara rẹ gbóná bí ìkòkò.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi ò rí nǹkan kan o. Ojú mi kì í ríran láàárọ̀.”

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wé tèmi ni alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn wa, tí a ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ nítorí bó ṣe máa ń yára. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, síbẹ̀ kò lè gbé aṣọ tútù. Ẹ̀rọ ní tiwa dọ́gba. Ó máa dọ́gba náà: aláìsàn méjì ni wọ́n fi wé ara wọn! Dókítà sọ fún un pé, “Kò sí nǹkan tó ṣe mitokọ́ńdíríà yín, Màdáámú. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.” Ọ̀gá rẹ̀ níbi ìfọṣọ sì sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: “Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ ti di Ìdí-ò-kúrò-nílẹ̀. Ọ̀lẹ ò ní oògùn!”

Lọ́jọ́ kẹta, ó wá bá mi, ó di ara ilẹ̀kùn mú. Mo pa ikọ́ mọ́ra títí omi fi lé ròrò sí mi lójú. Ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ṣé ohun tí dókítà sọ dá ọ lójú? Bí mo bá gbé garawa kan péré, àyà mi á máa lù kì-kì-kì.”

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wà lápò mi. Mo ní, “Ó dá mi lójú, Àǹtí. Ẹ lọ máa ṣiṣẹ́ yín.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o!

Èyí tó burú jù ṣì kù. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, nígbà tí ara mi ti dá, mo yọ́ mú ìyókù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú yìnyín, mo sì fi wé tèmi. Tirẹ̀ kò tó ìdajì. Mo ya ìwé tí èsì náà wà sí wẹ́wẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ wá sídìí ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí ara yín ò bá dá, ẹ sọ ọ́, kódà bí iṣẹ́ máa bọ́. Ẹ̀yin ọmọ Àǹtí, mi ò ní ojú tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín, síbẹ̀ mo bẹ̀ yín.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Àǹtí ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ gun àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀; wọn ò gbé inú ilé kan náà mọ́.